Ògiri Tó Wọ́ Lójú Alága

Ọjọ́ tí Alága, Olóyè Olúbọ̀wálé Abórìṣàdé, pàṣẹ pé kí wọ́n wó ògiri tó gún bí ọ̀pá ìbọn, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló dúró níbẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i pé ògiri gún. Wọ́n rí i pé búlọ́ọ̀kù jókòó lórí búlọ́ọ̀kù bí ìgbà tí èèyàn to páálí ọṣẹ léra wọn. Ta ló sọ̀rọ̀? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń mi orí, wọ́n ń pòṣé bí ẹni tí wọ́n ta ẹja jíjẹrà fún.

"Ó wọ́," ni Alága wí. Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí i. "Ó wọ́ láàárín bí ikùn aboyún."

"Ó wọ́ gidi, sà," ni Babáwálé, akọ̀wé rẹ̀, dáhùn. "Lójú tèmi, oyún ìbejì ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí Alága jẹ́, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín débi tó tẹ́ yín lọ́rùn.

Òpópónà Agbójúlógún ló ń ṣe alága fún, ní Ailegun, l'Éjìgbò ti Èkó. Òpópónà kan ṣoṣo o. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ẹ̀rọ ìlọta kan, àti kòtò ọ̀gbàrá tó máa ń kún wọ yàrá àwọn èèyàn tí òjò bá ti dé. Ẹgbẹ́ Onílé ló fi í joyè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé, ẹ ó rò pé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló ń darí: "Alàgbà! Olóyè! Dáírẹ́kítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì! Bàbá Ìjọ! Bàbá Àdúgbò! Alága wa títí láé!" Dáírẹ́kítọ̀ yẹn ńkọ́? Yàrá fáìlì ló jẹ́ ọ̀gá fún ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Fáìlì ló ń darí. Fáìlì kì í báni jiyàn, ó sì ti mọ́ bàbá lára pé kí ohunkóhun má bá òun jiyàn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ojú Alága ti ń lọ. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan dúdú kan ti jókòó sáàárín ojú náà bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Tó bá fi wo èèyàn, á rí etí méjèèjì, á rí fìlà, á rí bàtà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí imú àti ẹnu wà, òfìfo ni. Ojú òsì ló kù tó fi ń ṣe Alága. Nígbà tó di ọdún tó kọjá, ojú òsì náà bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Bàbá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo irin ojú fèrèsé, irin ti tẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó gún. Ó wò ó, ó tẹ̀. Ó bú wẹ́dà tó ṣe é ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn.

Ẹ̀rù ń ba àgbà. Bàbá tó bí i fọ́jú ní Ìkọ̀lé kó tó kú. Olúbọ̀wálé rántí bí àwọn aládùúgbò ṣe máa ń yọ́ ẹran mú nínú abọ́ bàbá náà, tí wọ́n á fi egungun rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n á tún máa kí i pé, "Bàbá, ẹ kú ìgbádùn o." Ó mọ̀ pé tí ojú òsì yìí bá tẹ̀ lé ọ̀tún, òun náà di ẹni tí wọ́n ń fi egungun ṣe lálejò. Kì í kúkú ṣe pé kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ojú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí Alága títí láé lórí bẹ́ǹṣì, kó mú nọ́ńbà dání bí ẹni tó wá gba kẹrosíìnì?

Ló bá yan kápúsù.

Òṣòdì ló ti rí i, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó. Ojú-Àṣá lorúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní ó ń ṣe ojú tó bò, ojú tó ń ṣomi, ojú àgbà, ojú ọmọdé àti ojú ọ̀tá. Fítámì wà nínú rẹ̀, síńkì wà nínú rẹ̀, àti ewé kan tí kì í hù níbì kankan àfi lórí òkè tí ẹ̀dá kankan ò gùn rí. Ta ló wá já ewé náà? Alága ò bèèrè. Ó ra ìgò mẹ́fà. Nígbà tó padà lọ ra méjìlá, àwọn tó ń pò ó fún un lóyè: Dáyámọ́ńdì Àgbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ẹ bá fún irú èèyàn yìí lóyè, ẹ ti mú un ṣẹrú.

Ìyá Morọ́lá, ìyàwó rẹ̀, yí ìgò náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n ya àwòrán àṣá sí i lára, àṣá náà sì wọ jígí ojú.

"Bàbá Morọ́lá, tí oògùn yìí bá ń jẹ́, kí ni àṣá ń fi jígí ṣe?"

"Àìmọ̀kan ló ń dà ọ́ láàmú."

"Ó dáa. Ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ ṣàyẹ̀wò ojú yìí."

"Ojú ta ni? Ojú tèmi? Mo ń rí Ìkejà látorí àga tí mo wà yìí!"

Ó nawọ́ mú kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. Kọ́ọ̀bù tí ìyàwó rẹ̀ fi ṣan ṣíbí ló mú. Ó mu ún tán láìfajú ro, nítorí Alága kì í ṣàṣìṣe.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó sọ kápúsù di òfin. Onílé tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé mọ́ àfi tó bá gbé Ojú-Àṣá mì níwájú gbogbo ilé. Ó dìde, ó di ẹ̀wù mú ní àyà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ni ojú? Fìtílà ni! Kí ni fìtílà tí kò lépo? Àgbá lásán ni! Ta ni yóò rọ epo fún yín? Èmi ni! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí ẹnì kan bá ń ka ìwé ìròyìn ní òdìkejì títì, mo lè kà á tán ṣáájú rẹ̀!"

"Òótọ́ ni, sà!" ni Babáwálé ké. "Lánàá ni wọ́n kà á sétí mi!"

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti ṣàdúrà tán, Babáwálé á lu agogo. Gbogbo àgbà á dìde, kápúsù á wà lórí ahọ́n.

"Ojú wa?"

"Á ríran!"

"Á rí dé ibo?"

"Dé Badagry!"

Gbàmù, wọ́n á gbé e mì. Lọ́jọ́ kan ó há bàbá kan lọ́fun, ìpàdé dúró títí wọ́n fi fi omi sàṣẹ́ mẹ́rin lé e lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn máa ń fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, wọ́n á tu ú sínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Òdòdó yẹn ló lo oògùn jù lọ ní gbogbo Ailegun. A ò mọ̀ bóyá ó ń ríran.

Títí dé ibí, eré ni. Ṣùgbọ́n Màmá Adémidé wà lára wọn, ará Ọ̀wọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú màmá náà méjèèjì bí ìgbà tí ìkùukùu bo gíláàsì. Ilé ìwòsàn ti mú ọjọ́ fún un pé wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ kékeré, wọn yóò yọ ọ́, yóò sì máa ríran. Alága gbọ́.

"Màmá, ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ojú yín bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja? Nígbà tí mo wà láyé? Ẹ máa gbé Ojú-Àṣá mì fún oṣù mẹ́ta, ẹ wá wò ó."

Màmá gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta pé. Obìnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà wá ń fọwọ́ wá ògiri kó tó dé balùwẹ̀ ilé ara rẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Alága ti rí ọgbọ́n kan dá. Ó rí i pé tí òun bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí òun fi igun ojú wo nǹkan, nǹkan náà máa ń hàn díẹ̀. Ló bá ń wo èèyàn bí adìẹ ṣe ń wo àgbàdo. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣe? Wọ́n ní bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń wòran nìyẹn. Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí. Alámòójútó yí orí. Babáwálé yí tirẹ̀ títí ọrùn fi gan, ó wá ń fi ìpara gbígbóná ra á láràárọ̀. Àlejò tó bá yọjú sí ìpàdé wọn nígbà náà á rò pé òun ṣèèṣì já wọ ilé adìẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí iṣẹ́ ògiri fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ fẹ́ mọ ògiri sétí kòtò ọ̀gbàrá kí òjò tó dé. Wọ́n pe Táyọ̀, bíríkìlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó ti ń mọlé láti ọdún méjìlélógún. Táyọ̀ mọ ọ́n. Alága yọjú, ó ní ó wọ́, wọ́n wó o. Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Táyọ̀ tún un mọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú okùn ìwọnlé rẹ̀ dání de Alága. Ó ta okùn náà láti orí ògiri dé ìdí rẹ̀, ó le gan-in.

"Bàbá, mi ò bá yín jiyàn. Okùn rèé. Okùn kì í gba rìbá."

Alága yí orí, ó wò ó. "Okùn yẹn gan-an wọ́."

Táyọ̀ la ẹnu. "Okùn tí mo fà le yìí?"

"Ó wọ́! Ibo lo ti rà á?"

"Wọ́n ń ta okùn wíwọ́ báyìí, sà," ni Babáwálé wí. "Ayé ti bàjẹ́. Èmi náà ra ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Akọ̀wé, ẹ bá mi sọ òótọ́," ni Táyọ̀ wí, ó rọra wí i. "Ṣé ó wọ́?"

Babáwálé wo Alága. Ó rántí àga igbákejì alága tí wọ́n ti ṣèlérí fún un. Ó yí orí bí adìẹ. "Ó wọ́."

Wọ́n wó ògiri kejì. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń kùn lókè. Táyọ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó mu gààrí tutù, ó ronú. Nígbà tó dìde, ó kó okùn rẹ̀ sínú àpò. Ó mọ ògiri kẹta bó ṣe wù ú: ó tì í síwájú níbí, ó fà á sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ máa rìn gbéregbère bí ẹni tó ń ti ilé ẹlẹ́mu bọ̀. Alága dé, ó yí orí, ó wò ó pẹ́.

"Ní báyìí!" ló wí. "Ní báyìí ló tó gún!"

"Gún régé!" ni gbogbo ìgbìmọ̀ wí.

Inú Alága dùn débi pé ó fẹ́ ṣí ògiri náà pẹ̀lú ayẹyẹ. Kò dúró níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ojú kan pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá síbi ayẹyẹ náà, kó yẹ ojú àwọn àgbà Agbójúlógún wò, kó sì jẹ́rìí sí iṣẹ́ Ojú-Àṣá níwájú gbogbo ayé. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹnikẹ́ni ò tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló fi lẹ́tà pe ẹni tó máa tú àṣírí rẹ̀, ó tún lu òǹtẹ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Tẹjúmádé dé lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo. Èèyàn kún abẹ́ kánópì fọ́fọ́. Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ó jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, máìkì lọ́wọ́, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ bí ojú àṣá ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì na páálí kékeré kan sí i. Wọ́n fa ìlà sí i ní òró àti ní ìbú bí àwọ̀n ẹja, àmì dúdú kan sì wà láàárín.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ẹ má yí orí o. Ẹ tẹjú mọ́ àmì àárín yẹn. Kí lẹ rí?"

Alága tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu, ó gbà pé òun ti rí ẹ̀bi ìjọba.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé rúlà ti tán nílé ìwòsàn yín ni? Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo iṣẹ́ o! Wọ́rọkọ-wọ́rọkọ! Ti àárín yìí ń lọ́ bí ejò tó mu ògógóró! Ta ló fa ìlà yìí?"

Àwọn ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gba páálí náà, ó nà án sí Babáwálé. "Akọ̀wé, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí?"

Babáwálé ò tiẹ̀ wò ó. "Wọ́rọkọ ni. Bí Alága ṣe rí i ni mo rí i."

"Ó mà ṣe o." Nọ́ọ̀sì fa bírò yọ. "Ìlà yìí gún. Ẹ̀rọ ló fà á. Àgbà tó bá rí i ní wíwọ́, ó ṣeé ṣe kí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ máa jò lẹ́yìn ẹyin ojú rẹ̀, níbi tó fi ń rí ojú èèyàn, tó fi ń kàwé. Kì í dúró deni o. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin méjèèjì wá, ká fún yín lábẹ́rẹ́. Kí lorúkọ yín lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, akọ̀wé?"

"Abẹ́rẹ́ ní ìdí?"

"Rárá o. Nínú ẹyin ojú."

"Nínú kí ni?"

"Ẹyin ojú, sà."

Ọrùn Babáwálé tó ti gan láti oṣù méjì tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó já páálí gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. "Ó gún! Nọ́ọ̀sì, ó gún! Kò sí èyí tó wọ́ níbẹ̀! Ẹ pa orúkọ mi rẹ́!"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní—"

"Irọ́ ni mo pa! Ògiri àkọ́kọ́ gún! Ìkejì gún! Okùn gún! Ògiri tó wà lẹ́yìn yín yìí nìkan ló wọ́!"

Ni gbogbo ìgbìmọ̀ bá ń du máìkì. "Ó gún lójú tèmi náà!" "Mo mọ̀ pé ó gún láti ọjọ́ kìíní!" "Ẹ má kọ orúkọ mi o, nọ́ọ̀sì!" Gbogbo abẹ́ kánópì yíjú sí ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín sì bẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú.

"Táyọ̀," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìwọ lo mọ èyí?"

"Mo mọ èyí tó gún lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá. Ẹ wó o. Ẹ̀kẹta, mo mọ ohun tí ojú yín fẹ́."

Alága dúró níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Fìlà ló ń rí, gèlè ló ń rí, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ẹ̀rín ń bọ̀ láti gbogbo ibẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń rín in. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ìpàdé ọjọ́ kejì kò pẹ́. Wọ́n yọ ọ́. Babáwálé ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ò retí nǹkan míì. Wọ́n fi Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa sípò, télọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ni pé, "Ẹ wó o. Ẹ tún un mọ." Ó jókòó. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ aládùn bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ọjọ́ kìíní, kò jáde. Ọjọ́ kejì, kò jáde. Kápúsù mẹ́rin ló ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan báyìí. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Morọ́lá wọlé tọ̀ ọ́, ó ti wọ bàtà, ó ti so gèlè.

"Bàbá Morọ́lá, ẹ dìde."

"Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti tán. Alága, ẹlòmíì á ṣe é. Ojú yìí, ta ló máa bá yín fi ríran? Ẹ fẹ́ fọ́jú nítorí àga onírọ́bà?"

Bàbá gbé ìgò kápúsù sílẹ̀. "Ojú ọ̀tún ti lọ ná," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. Ọdún méjì ló fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Ìyàwó rẹ̀ ò bínú, kò sunkún. Ó mú bàtà ọkọ rẹ̀ wá.

Bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń kọ káàdì bi í léèrè orúkọ, ó bẹ̀rẹ̀: "Alàgbà, Olóyè, Dáírẹ́kítọ̀—"

"Bàbá, orúkọ tí ẹ fi ń jẹun nílé ni mo bèèrè."

"Olúbọ̀wálé," ló wí.

Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó wo ìgò Ojú-Àṣá. "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Oríṣi fítámì àti síńkì kan wà tá a máa ń fún ẹni tí àìsàn yìí ṣì wà ní agbedeméjì ojú rẹ̀. Ó lè mú kí àìsàn náà fẹsẹ̀ falẹ̀. Kì í wo ojú sàn, kì í dá ohun tó ti lọ padà, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ojú tó bò. Bóyá ó wà nínú ìgò yìí, èmi ò mọ̀. Èyí tí ẹ sì ń gbé mì ní mẹ́rin-mẹ́rin, ikùn yín ló ń jìyà rẹ̀."

"Ojú òsì yìí ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ lè dá jíjò náà dúró. Ká ní ẹ tètè wá ni, ọ̀tún náà ì bá ní ìrètí."

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ náà. Wọ́n kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora sí i ṣáájú, kò dùn ún tó bí Babáwálé ṣe rò. Ó padà lọ ní oṣù kejì, ó padà lọ ní oṣù kẹta. Irin fèrèsé rọra ń na ara rẹ̀. Kò gún tán, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá súnmọ́ ọn, ó ń rí imú.

Imú tó kọ́kọ́ wá lọ ni ti Màmá Adémidé. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ilẹ̀ pálọ̀ màmá náà.

"Màmá, mo gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Dìde, kí n má baà tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Mi ò rí ọ."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló mú màmá lọ. Wọ́n yọ nǹkan funfun náà kúrò lójú kan. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ṣí bándéèjì. Màmá ṣẹ́jú, omi bọ́, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo òrùlé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá yíjú sí Alága àná, ó wò ó láti orí dé àyà, bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé.

"Abórìṣàdé, kí ló wà létí ẹ?"

"Etí mi?"

"Etí méjèèjì. Àti iwájú orí. Ó dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò."

Bàbá fọwọ́ kan etí. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun irun funfun ní dúdú, níwájú dígí tí kò ti rí ojú ara rẹ̀. Bó ṣe ń kun irun ló ń kun etí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ sí ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Arẹwà. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Morọ́lá. Odindi ọdún kan. O ò lè sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ ní kí n lọ lo kápúsù."

Bàbá sún mọ́ ọn. Ó bọ́ fìlà, ó na etí sí i, ó ní kó wò ó bóyá ọṣẹ lè ká a.